Kòkó Ní Èèpo, Ẹ̀fọ́ Kò Ní

Ọkùnrin kan wà, iṣẹ́ wolé-wolé ni ó ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ni ó máa ń wọ ilé onílé láàárọ̀, tí yóò ṣí àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú omi, tí yóò yọjú sí ṣáláńgá, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ ti koríko ẹ̀yìnkùlé bóyá ó ti ga jù. Ojú rẹ̀ mú. Bí ìdọ̀tí bá sá pamọ́ sí abẹ́ ẹní, yóò rí i. Wọ́n tilẹ̀ ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an, ó kọ́kọ́ gbé abọ́ oúnjẹ sókè, ó wo ìdí rẹ̀ fínnífínní, kí ó tó bu òkèlè. N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́.

Àwẹ̀ró, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fẹ̀yìn ti àga. Ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ tí o gbé wá kò ní sá lọ. Jẹ́ kí n sọ ti wolé-wolé yìí fún ọ ná.

Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó padà sí ìlú rẹ̀, ìlú àwọn olóko kòkó, ó sì kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀gbọ́n yìí ni ó tọ́ ọ. Ìyá wọn kú nígbà tí ọkùnrin náà ṣì ń rákòrò. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó dàgbà sí, igi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣẹ́ tà ni ó sì fi kàwé. Obìnrin náà ti wá darúgbó. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi. Àárín òun àti àbúrò rẹ̀ kò ju ọgbà ewúro lọ, ọgbà náà sì ní àlàfo tí ènìyàn lè gbà kọjá.

Ẹ̀yìnkùlé ọkùnrin náà fẹ̀. Ó kọ ebè síbẹ̀, ó gbin ṣọkọ, ó gbin tẹ̀tẹ̀, ó gbin gbúre. Ìwọ̀nba ọ̀gbìn tí ó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, ó rọra kì wọ́n sí ebè kékeré kan ní apá kejì ilé, ní ìdí balùwẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Ti ìdí balùwẹ̀ yìí kò jọ ọ́ lójú. Bí àlejò bá dé, kì í mú un débẹ̀.

Ní ìlú wọn, ẹni tí ó bá gbin ẹ̀fọ́ kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ já àkọ́já. Àgbà inú ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó ń já a. Àgbà náà kì í tọrọ, kì í kan ilẹ̀kùn. Yóò wọlé ní ìdájí, yóò já èyí tó bá wù ú, yóò sì lọ dáná. Bí ẹni tó gbìn ín bá jí, tí ó rí ojú ibi tí wọ́n ti já a, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò mọ̀ pé wọ́n ti súre fún iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Òjò àrọ̀kúrò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀fọ́ gbèrú, kòkòrò náà gbèrú. Tata ń jẹ ewé láti etí. Kòkòrò aláwọ̀ ewé, tó gùn bí ìka ọmọ ọwọ́, ń lu àárín rẹ̀. Wolé-wolé dúró lórí ebè láàárọ̀, ojú rẹ̀ le bí ìgbà tí ó bá rí tanwíjí nínú àmù ẹlòmíràn. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wò ó.

Ìyá arúgbó náà tẹ̀ ba, ó yí ewé kan padà.

“Ìsàlẹ̀ ewé ni kí o máa wò,” ló wí. “Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Máa jí ní ìdájí kí ìrì tó gbẹ. Èyí tó bá jẹ́ ẹyin, fi ìka rẹ́ ẹ. Èyí tó bá ti pa, ṣà á sínú omi ọṣẹ. Lẹ́yìn náà kí o ku eérú lé ewé lórí nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, kí eérú lè lẹ̀ mọ́ ọn. Má sì lé ọ̀pọ̀lọ́ tó wà nídìí àmù yẹn o. Iṣẹ́ rẹ ló ń bá ọ ṣe.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé gbogbo wọn á tán?”

“Wọn ò ní tán. Wọ́n á jẹ díẹ̀.”

“Díẹ̀ bíi mélòó?”

Ẹ̀rín pa ìyá àgbà. “Àbúrò mi, ṣé o fẹ́ kọ ìwé ẹ̀sùn fún wọn bí o ti ń kọ fún onílé ni?”

Ọkùnrin náà ṣe bí wọ́n ti sọ fún un. Ó ń jí ní ìdájí, ó ń yí ewé padà, ó ń ṣa kòkòrò, ó ń ku eérú. Nígbà tí eérú kò tó, ó gún ewé dóńgóyárò, ó rẹ ẹ́ sómi, ó fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn. Iṣẹ́ náà ń mú kí ẹ̀yìn máa dùn ún, ṣùgbọ́n ó ń so èso. Àwọn kòkòrò dínkù. Ewé tó ní ihò kò pọ̀ mọ́, èyí tó sì ní i, ihò kan tàbí méjì ni. Ẹlòmíràn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, yóò ro ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ẹ̀bi kì í mọ bí a ti ń sinmi. Bí ewé ogún bá dára, èyí kan tí kò dára ni yóò bá a wọ yàrá lọ sùn.

Ohun mìíràn sì wà ní ọkàn rẹ̀. Ní ìkórè ọdún tó kọjá, ó di ìdì ẹ̀fọ́ kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ó ti gbé e lé orí tábìlì, olórí akọrin mú ewé kan, ó wo ihò ara rẹ̀, ó ní, “Wolé-wolé! Ta ló wá bẹ ọgbà tiyín wò báyìí?” Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Eré lásán ni. Àní àwọn tó rẹ́rìn-ín ti gbàgbé kí wọ́n tó délé. Òun kò gbàgbé. Ó ti pinnu pé ìdì ẹ̀fọ́ tí òun yóò gbé lọ lọ́dún yìí, bí wọ́n bá fi jígí wò ó, wọn kò ní rí ihò kan níbẹ̀.

Nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, ó lọ bá olóko kòkó kan ládùúgbò, ó ní kí ó bu oògùn kòkó díẹ̀ fún òun, kí ó sì yá òun ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín in.

“Ṣé kòkó lẹ fẹ́ fín, sà?” ni olóko náà bi í.

Wolé-wolé ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ta sí nǹkan tí ẹ̀ ń jẹ o. Kòkó ní èèpo. Oògùn náà kì í dé inú.”

Ọkùnrin náà mọ̀. Ta ni ìbá tún mọ̀ ọ́n jù ú lọ? Òun fúnra rẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ kìlọ̀ rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣòro fún ẹni tó ti pinnu láti rí àwáwí. Ó ní òjò yóò rọ̀ sí i. Ó ní òun yóò fi omi iyọ̀ ṣan án. Ó ní kòkòrò kékeré kọ́ ni yóò tún fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé. Wọ́n sì máa ń sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó gbọ́ òwe náà dáadáa, ó rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, ó gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, ó fín gbogbo ebè ẹ̀yìnkùlé. Kò dé ìdí balùwẹ̀. Ẹ̀fọ́ ibẹ̀ ti lu bí ajere, kò rí ìdí tí òun yóò fi fi oògùn ṣòfò lórí rẹ̀. Ó ní tí ìkórè bá kọjá, òun yóò hú u dànù. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé, kò sọ fún un. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú ń tì í.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó jáde lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀fọ́ náà dúró ṣánṣán, ó ń dán. Kò sí tata, kò sí kòkòrò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rìn díẹ̀ sí i, ó sì wá kíyè sí i pé ẹ̀yìnkùlé náà dákẹ́ jù. Ìró kòkòrò kan kò sí nínú koríko. Alángbá tó máa ń mi orí lórí ògiri kò sí níbẹ̀. Ó dé ìdí àmù, ọ̀pọ̀lọ́ náà ni ó rí, ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ikùn rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sókè.

Bí ó ti ń wo ọ̀pọ̀lọ́ yẹn ni ojú rẹ̀ bọ́ sí ilẹ̀ tútù tó wà ní àlàfo ọgbà ewúro. Ojú ẹsẹ̀ ènìyàn wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà, kò tíì pẹ́. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní irú àtàǹpàkò bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Láti ìgbà tí igi ìdáná ti já lé e lẹ́sẹ̀ nígbà èwe rẹ̀ ni ó ti rí bẹ́ẹ̀.

Àkọ́já. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wá já àkọ́já.

Ó rántí gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ tí ó fín oògùn yẹn. Ó rántí olórí akọrin, ó rántí ìjọ, ó rántí ẹ̀rín èṣí. Ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n, òun nìkan ni ó gbàgbé.

Kò dúró wo ebè. Ó gba àlàfo náà jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, bàtà ẹsẹ̀ kan já sílẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí ó dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, iná ààrò ti ń kú lọ. Wọ́n ti fọ ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n dà á dé. Ìyá àgbà jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rin orín, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ara ẹni tó yó.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti jẹun?”

“Mo ti jẹun o. Ẹ̀fọ́ rẹ dùn. Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ rẹ.”

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ ìkíni. Ẹ̀rù tó bà á lọ́jọ́ náà, irú rẹ̀ kò bà á rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

“Kí ló dé? Ṣé torí pé mo já ẹ̀fọ́ ni?”

“Èwo… èwo lẹ já? Ebè wo ni?”

“Dìde nílẹ̀ ná. O ti sọ síńgílẹ́ẹ̀tì di ìdọ̀tí.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ebè wo?”

Ìyá àgbà yọ orín lẹ́nu. Kì í kánjú sọ̀rọ̀, kò sì kánjú lọ́jọ́ yìí náà.

“Ẹ̀yìnkùlé ni mo kọ́kọ́ dé. Mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń dán. Mo ní háà, èyí ni àbúrò mi fẹ́ gbé lọ sí ìkórè. Wọ́n fi ẹ̀fọ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ léṣìí, mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ ọn nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ. Mo ní tí mo bá já a, á dín kù. Ni mo bá yí sí ìdí balùwẹ̀, mo já ti ibẹ̀. Ihò pọ̀ lára rẹ̀ lóòótọ́. Ṣé ihò ní kí ọbẹ̀ má dùn ni? Èmi àti ìwọ, kí la ò jẹ rí?”

Ó na ọwọ́ sí atẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀nba ewé tí kò rò sínú ọbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wolé-wolé mú ọ̀kan. Ó lu láti òkè dé ilẹ̀. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó sì rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba inú ihò náà, ojú náà ń wò ó, ó wà láàyè.

Ó sunkún. Àgbàlagbà bí ẹni yẹn, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo tó ṣe.

Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán. Kò pariwo. Ó ní, “Nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, o máa ń tọ̀ sí mi lẹ́yìn. Aṣọ mi kì í gbẹ. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa dí imú. Mi ò sì gbé ọ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.”

Ó mú orín rẹ̀, ó fi sẹ́nu.

Lọ́jọ́ náà, ọkùnrin náà sọ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì lọ bá olóko kòkó, ó sọ òótọ́ fún un. Wọ́n hú gbogbo ẹ̀fọ́ tó ń dán, wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn síbi tó jìnnà sí kànga, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ ìkórè, ẹ̀fọ́ ìdí balùwẹ̀ ni ó dì lọ. Olórí akọrin tún mú ewé kan, ó tún rẹ́rìn-ín. Wolé-wolé ní, “Mú un lọ sílé, kí o jẹ ẹ́. Kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan.” Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn kò tètè gbàgbé. Ìwọ yóò rò pé kòkòrò ni kò ní padà wá. Kòkòrò ló kọ́kọ́ padà, wọ́n sì pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, nítorí ẹni tí ìbá jẹ wọ́n kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kò yọjú títí òjò ọdún kejì fi dé. Ọjọ́ tí ó rí i nídìí àmù, ó pe ìyàwó rẹ̀ jáde wá wò ó.

Ìtàn náà nìyẹn. Ó wá ku tìrẹ, Àwẹ̀ró.

O ní ìyàwó ọmọ rẹ kì í tètè jí. O ní ẹnu rẹ̀ mú, o ní iyọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ nínú ọbẹ̀. N kò ní tàn ọ́ pé kì í ṣe ihò. Ihò ni. Ṣùgbọ́n o ti ránṣẹ́ pe ẹbí sí ọjọ́ Àìkú, o fẹ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà sílẹ̀ lójú bàbá tó bí i àti ìyá tó bí i, kí wọ́n mú un lọ. O wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá ọ jókòó níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè wúwo. Oògùn kòkó lo fẹ́ kí n bá ọ gbé kọ́ ẹ̀yìn.

Kòkó ní èèpo. Èmi àti ará ọjà tí a bá bú ara wa, èèpo wa nípọn, a ó fọ ẹnu, a ó sì kí ara wa lọ́la. Ẹni tí ó ń bá ọ jẹ nínú ìkòkò kan náà kò ní èèpo. Ohun tí o bá fín sí i lára, ọmọ rẹ yóò jẹ nínú rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ yóò jẹ nínú rẹ̀, ìwọ náà yóò sì jẹ tìrẹ.

Nígbà tí o ṣubú tí ẹsẹ̀ rẹ kán, ta ló ń gbé omi ìwẹ̀ fún ọ? Ta ló ń gbé póò jáde láàárọ̀? Àwọn ọmọ rẹ obìnrin tí ń sọ̀rọ̀ bí oyin lórí fóònù ni àbí ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mú yìí? Èmi wá kí ọ nígbà náà. Mo rí ẹni tó wà níbẹ̀.

Bá a wí. N kò ní kí o má bá a wí. Ọwọ́ òsì la fi ń na ọmọ, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Pè é ní ìdájí, ìwọ àti òun nìkan, kí o yí ewé náà padà kí o wo abẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ ni kì í jẹ́ kí ó sùn lóru. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan wà láàárín òun àti ọmọ rẹ tí kò rí ẹni sọ ọ́ fún. Sọ ọ̀kan fún un lónìí, sọ ọ̀kan lọ́jọ́ mìíràn. Gbogbo rẹ̀ kò ní tán. Tìrẹ náà kò tán, Àwẹ̀ró, mo mọ̀ ọ́ láti kékeré, a kò sì lé ọ.

Dìde máa lọ, oòrùn ti ń wọ̀. Yóò ti máa dáná báyìí. Bí ó bá gbé oúnjẹ rẹ wá, tí iyọ̀ rẹ̀ tún pọ̀, bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí o sì jẹ ẹ́.